Ariwo inú kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù: ṣé qubit púpọ̀ ló ń dín àṣìṣe kù, àbí òun ló ń fi kún un?

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún tí mo fẹ́ fi jáde ni mo wà yìí nínú ẹ̀kọ́ físíìsì níbí ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù ni mo sì mú fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ilé-iṣẹ́ kan wà lókè òkun tó máa ń jẹ́ kí èèyàn lo ẹ̀rọ wọn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóṣù láìgba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà jẹ́ irú èyí tí iná ń gba inú irin rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan, inú fíríìjì ńlá ni wọ́n gbé e sí.

Mo so qubit mẹ́ta (ẹyọ kékeré inú ẹ̀rọ náà tó lè gbé 0, 1 tàbí àpapọ̀ méjèèjì) pọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí mo bá wọ̀n wọ́n, 000 tàbí 111 nìkan ló yẹ kó jáde. Lóòótọ́, àwọn méjèèjì ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n 010, 110 àti àwọn yòókù náà ń jáde. Bí mo bá wá sọ ọ́ di qubit mẹ́jọ, tí mo sì fi gate (iṣẹ́ kékeré kọ̀ọ̀kan tí a ń ní kí qubit ṣe) kún un, ó máa ń burú débi pé mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí mo ń wò ní ìtumọ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní bí qubit bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe á máa dín kù, pé ohun tí Google fi hàn ní 2024 nìyẹn. Ẹnìkejì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé qubit tuntun kọ̀ọ̀kan ń gbé ariwo tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń da iṣẹ́ rẹ̀ rú, wá ni. Ta ló tọ̀nà nínú wọn? Kí sì ni ẹni tí kò ní ju láptọ́ọ̀pù kan lọ lè ṣe sí ariwo yìí?

Bàbá_Rédíò_Mọ́kọlá

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ariwo la sì ń bá jà látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi mẹ́ta ló ti ń wá: ìgbóná inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, wáyà tí wọn ò bò dáadáa, àti ẹ̀rọ tó ń sọ sígínà kékeré di ńlá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín? Tó bá jẹ́ ìgbóná ni, kí ló dé tí wọn ò kàn mú un tutù sí i kí wàhálà tán?

Ìyá_Físíìsì

Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà yẹn wà níbí, ọ̀kan ò yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìgbóná, torí òun ni wọ́n ti ṣẹ́gun jù.

Qubit inú irú ẹ̀rọ yìí jẹ́ àyíká iná kékeré kan tí Josephson junction wà nínú rẹ̀. Alumíníọ́mù méjì ni, tí ìpẹtà alumíníọ́mù tín-ín-rín wà láàárín wọn. Brian Josephson ló fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1962 pé iná lè la irú ìdènà bẹ́ẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, ní 1984 àti 1985, John Clarke, Michel Devoret àti John Martinis fi hàn pé odindi àyíká iná tó ní junction yìí máa ń gbé agbára ní ìpele ìpele. Ẹ̀bùn Nobel físíìsì ti 2025 bọ́ sí wọn lọ́wọ́ torí iṣẹ́ yẹn. Ìpele tó wà nísàlẹ̀ pátápátá la ń pè ní 0, èyí tó tẹ̀ lé e la ń pè ní 1.

Láti ti qubit láti 0 sí 1, sígínà nǹkan bíi gigahertz 5 la ń fi ránṣẹ́ sí i. Agbára tó wà nínú sígínà yẹn kò ju ti ìgbóná 0.24 kelvin lọ (òdo kelvin ni ibi tí otútù pin sí). Bí ẹ bá wá fi helium olómi mú ẹ̀rọ náà tutù dé kelvin 4, ìgbóná yẹn nìkan ti tó láti máa ti qubit sókè sódò láìdúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo fíríìjì tó ń po helium-3 mọ́ helium-4, tó ń sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bíi millikelvin 10 sí 20. Àárín àwọn ìràwọ̀ lókè lọ́hùn-ún gan-an, kelvin 2.7 ló wà.

Wáyà náà, wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Wáyà tó ń gbé àṣẹ láti inú yàrá wọ ẹ̀rọ máa ń gbé ariwo ìgbóná yàrá dání. Wọ́n ń fi ohun tó ń rẹ sígínà sílẹ̀ sí i ní ìpele fíríìjì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi sígínà tó lágbára ránṣẹ́ láti òkè, kí èyí tó bá máa dé ìsàlẹ̀ kù bó ṣe yẹ, kí ariwo tó bá a wá sì ti kú sójú ọ̀nà. Wọ́n tún ń fi asẹ́ dí ìtànṣán ìgbóná, wọ́n ń fi irin dí agbára òòfà.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ ṣe gbogbo èyí tán, àṣìṣe ṣì ń wá. Ohun tó kù ti kúrò lọ́wọ́ fíríìjì. Nínú ìpẹtà alumíníọ́mù yẹn, àti lójú irin níbi tí afẹ́fẹ́ ti fọwọ́ kàn án, àwọn átọ́ọ̀mù kan wà tí wọn kì í jókòó síbì kan. Wọ́n máa ń fò láti ibìkan sí ibòmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìwọ̀n fífò ọ̀kan nínú wọn bá bá ti qubit dọ́gba, yóò fa agbára qubit mu. Wọn ò sì dúró lójú kan: qubit tó dáa lónìí lè bàjẹ́ lọ́la láìsí ẹni tó fọwọ́ kan án. Akẹ́kọ̀ọ́, bí iṣẹ́ kan náà bá fún ọ ní èsì ọ̀tọ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́_Lókèèrè

Ẹ káalẹ́ mà. Ibi tí ẹ dé yẹn ni iṣẹ́ tèmi. Nínú láàbù tí wọ́n ti ń ṣe pákó qubit ni mo wà níbí, fífọ ojú irin àti ojú sílíkọ́nì mọ́ ni mò ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ mi bíi rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, Nakamura, Pashkin àti Tsai ní ilé-iṣẹ́ NEC ní Japan ṣe qubit àkọ́kọ́ irú èyí. Ìrántí rẹ̀ kò pẹ́ ju nanosecond díẹ̀ lọ kó tó pòórá. Ariwo tó ń pa á ni iná kéékèèké tó ń dà gùdù lẹ́bàá rẹ̀. Ní 2007, àwọn tó wà ní yunifásítì Yale yí àwòrán àyíká náà padà: wọ́n fi kapásítọ̀ ńlá kún un títí tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ kò fi rí i gbá mú mọ́. Transmon ni wọ́n pè é, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn lónìí. Wọn ò fi kún otútù, wọn ò pààrọ̀ irin. Àwòrán nìkan ni wọ́n yí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan irin. Ní 2021, àwọn kan ní yunifásítì Princeton fi tantalum rọ́pò irin tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, qubit wọn sì gbé agbára rẹ̀ kọjá millisecond 0.3. Ìpẹtà tantalum kì í fa agbára mu tó ti àwọn yòókù, ara rẹ̀ sì gbà kí èèyàn fi ásíìdì líle fọ̀ ọ́ mọ́ láìbàjẹ́. Ní 2025, àwọn ará Princeton yìí kan náà gbé tantalum lé sílíkọ́nì, ó sì kọjá odindi millisecond kan. Láti nanosecond dé millisecond, ìlọ́po mílíọ̀nù nìyẹn láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Tí ẹ bá bi mí, ibi tó yẹ kí wọ́n náwó sí jù nìyí. Àṣìṣe tí kò ṣẹlẹ̀ rárá kò ní kí ẹnikẹ́ni wá tún un ṣe.

Tísà_Àpẹ́tẹ̀

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, mo rò pé ẹ ń mú ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tó máa dúró de tantalum. Ní 2023, IBM lo qubit 127 fún ìṣirò kan, wọ́n fi ọgbọ́n yọ ariwo kúrò nínú èsì, èsì sì péye. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kún ariwo náà ni, wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n ariwo oríṣiríṣi, wọ́n wá fa ìlà padà sẹ́yìn dé ibi tí ariwo á ti jẹ́ òdo. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ètò rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Qiskit, ohun tí IBM ṣe fún kíkọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù.

Ìyá_Físíìsì

Tísà, ẹ ṣé. Ọgbọ́n náà dáa, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kò lè parí ọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí rẹ̀ kó tó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀.

Àárín gbùngbùn èsì ni ọ̀nà yẹn ń tún ṣe, kì í ṣe èsì kọ̀ọ̀kan. Tí ohun tí o ń wá bá jẹ́ iye kan tí o máa rí lẹ́yìn tí o bá ti wọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bí agbára mólékù kan, ó wúlò gan-an. Tó bá jẹ́ pé nọ́mbà kan pàtó lo fẹ́ kó jáde, irú èyí tó máa tú nọ́mbà ńlá sí wẹ́wẹ́, kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Èkejì, iye ìgbà tí o ní láti wọ̀n ọ́n máa ń di ìlọ́po lórí ìlọ́po bí gate bá ṣe ń pọ̀. Ó máa dé ibì kan tí ìṣẹ́jú tí wọ́n fún ọ lóṣù ò ní tó, ti ọdún kan pàápàá ò ní tó. Ìṣirò 2023 tí ẹ dárúkọ yẹn, iṣẹ́ àtàtà ni, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi fi kọ̀ǹpútà lásán ṣe é, tí wọ́n sì rí èsì tó péye.

Dídín ìpalára àṣìṣe kù lójú ìwé èsì ni èyí. Títún àṣìṣe ṣe bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ohun ọ̀tọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ ká da méjèèjì pọ̀.

Tísà_Àpẹ́tẹ̀

Mo gbọ́ yín mà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń pè ní títún un ṣe nínú ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò lè ṣe é lórí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́. Èyí tó lè ṣe lónìí ni mo ń sọ.

Adétutù_Òjòó

Tísà ò jayò pa níbẹ̀ yẹn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àbúrò wa lè ṣe kí ó tó lo oògùn èyíkéyìí, ìyẹn ni kó mọ àrùn náà. Iṣẹ́ dátà ni mò ń ṣe, mo sì ti lo irú àwọn ẹ̀rọ yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kó gbogbo ọ̀nà ìdín-ariwo lé ara wọn láìmọ èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ìyẹn máa ń dùn mí, torí ìṣẹ́jú ọ̀fẹ́ kékeré yẹn ni wọ́n ń sun bẹ́ẹ̀.

Àbúrò, kọ́kọ́ fi qubit sílẹ̀ ní 0, má fọwọ́ kàn án, kí o wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iye ìgbà tó bá sọ pé 1 ni, àṣìṣe kíkà ni, kò kan gate rárá. Tì í sí 1, wọ̀n ọ́n: ìyẹn náà ní iye tirẹ̀, ó sì sábà máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí 1 lè ṣubú sí 0 nígbà tí wọ́n bá ń kà á lọ́wọ́. Pẹ̀lú iye méjèèjì yìí, o lè tún èsì rẹ ṣe nínú láptọ́ọ̀pù láìná ìṣẹ́jú kan sí i.

Lẹ́yìn náà, tì í sí 1, jẹ́ kó dúró díẹ̀, wọ̀n ọ́n. Jẹ́ kó dúró pẹ́ sí i, wọ̀n ọ́n. Bó ṣe ń ṣubú yẹn ló máa sọ fún ọ bí agbára rẹ̀ ṣe ń jò tó. Kò sí ọgbọ́n tó lè dí ìyẹn láti ọ̀dọ̀ rẹ. Ohun tí o lè ṣe ni kí o má jẹ́ kí qubit máa dúró lásán, kí iṣẹ́ rẹ kúrú.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, torí o lè ṣe nǹkan sí i. Gbé qubit sí àárín 0 àti 1, jẹ́ kó dúró, wo bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yẹ̀. Tún un ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì yìí, yí qubit padà lódìkejì ní ìdajì àkókò náà. Erwin Hahn ló kọ́kọ́ ṣe irú èyí ní 1950, lórí ohun mìíràn. Tí ariwo bá jẹ́ èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́, ohun tó bàjẹ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ni ìdajì kejì máa tú. Tí ìrántí qubit bá pẹ́ sí i gan-an lẹ́yìn ìyípadà yẹn, o ti mọ̀ pé ariwo rẹ jẹ́ irú èyí tí ń rìn jẹ́jẹ́, o sì lè ní kí Qiskit máa fi irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ibi tí qubit bá ti ń dúró de ẹlòmíràn. Tí kò bá pẹ́ sí i, má fi tirẹ̀ da ara rẹ láàmú.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ṣe gate kan lórí qubit méjì nìkan, kí o tún ṣe é nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn náà ń ṣiṣẹ́. Tó bá burú sí i, àwọn aládùúgbò ló ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun, bíi Heron ti IBM àti Sycamore ti Google, wọ́n ti fi ohun kan sáàárín qubit méjì tí wọ́n lè tàn kí wọ́n sì pa, kí wọ́n má bàa máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí a ò rán wọn níṣẹ́. Ẹ̀rọ tí kò ní in, ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi àyè sáàárín wọn.

Tún rántí pé wọ́n máa ń kọ ipò qubit kọ̀ọ̀kan sójú òpó. Wò ó ní ọjọ́ tí o bá fẹ́ lò ó. Kì í ṣe qubit 0, 1, 2 ló yẹ kí o máa mú ṣáá nítorí pé àwọn ló ṣíwájú.

Bàbá_Rédíò_Mọ́kọlá

Ìyáàfin Òjòó, ẹ̀kọ́ ni mo rí gbà yìí. Bí ẹnjinníà ṣe ń wá àbùkù nínú ẹ̀rọ rédíò gan-an nìyẹn: kó yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá ọmọ yìí lóhùn. Ta ló tọ̀nà nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì?

Ìyá_Físíìsì

Bàbá, ìbéèrè yẹn ni mo fi sílẹ̀ kí n lè fara balẹ̀ dáhùn.

Nínú kọ̀ǹpútà lásán, bí ẹ bá bẹ̀rù pé nǹkan lè bàjẹ́, ẹ ó ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ẹ ó gba ohun tí méjì nínú wọn bá sọ. Qubit kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1982 ni wọ́n ti fi ìṣirò hàn pé èèyàn ò lè ṣe ẹ̀dà qubit tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, béèyàn bá sì wò ó kó lè mọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àlá lásán ni kọ̀ǹpútà yìí. Peter Shor ló ṣí ilẹ̀kùn náà ní 1995: ó fi qubit mẹ́sàn-án gbé ọ̀rọ̀ qubit kan ṣoṣo, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà, àárín wọn ló wà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àṣìṣe ti wọlé láìwo ọ̀rọ̀ náà? Ẹ rántí òṣùwọ̀n alápá méjì tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lọ́jà. Tí ẹ bá gbé àpò kan sí apá ọ̀tún, tí ẹ gbé òmíràn sí apá òsì, òṣùwọ̀n á sọ fún yín bóyá wọ́n dọ́gba. Kò ní sọ ohun tó wà nínú wọn, kò sì ní sọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni qubit ayẹ̀wò ń bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ léraléra: ṣé ẹ ṣì bára yín mu? Ibi tí ìdáhùn bá ti yí padà ni kọ̀ǹpútà lásán tó wà lóde á ti tọpa àṣìṣe.

Èyí tí wọ́n ń lò jù lórí irú ẹ̀rọ yìí ni surface code, èrò Alexei Kitaev ló bí i ní 1997. Wọ́n á to qubit sí orí pátákó onígun mẹ́rin. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 3, qubit 9 ló ń gbé ọ̀rọ̀, 8 ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, àpapọ̀ 17. Tó bá jẹ́ 5, ó di 49. Tó bá jẹ́ 7, ó di 97.

Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti pínyà nìyí, Akẹ́kọ̀ọ́. Ààlà kan wà. Fún surface code, ó sún mọ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí gate rẹ àti kíkà qubit rẹ bá ń ṣàṣìṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí o bá ṣe ń fi qubit kún un ni ọ̀rọ̀ á máa bàjẹ́ sí i: ẹlẹgbẹ́ rẹ kejì ló tọ̀nà. Tó bá kéré ju ìyẹn lọ, bí o bá ṣe ń fi kún un ni àṣìṣe qubit àpapọ̀ (ẹyọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń gbé) á máa já wálẹ̀: ẹlẹgbẹ́ rẹ àkọ́kọ́ ló tọ̀nà. Ní 2023, orí ààlà yẹn gan-an ni Google wà. Nígbà tí wọ́n lọ láti 3 sí 5, àṣìṣe kàn sún láti 3.028 sí 2.914 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2024, pẹ̀lú Willow tó ní qubit 105, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi 2 kún fífẹ̀, wọ́n ń fi 2.14 pín àṣìṣe. Ní fífẹ̀ 7, ó kù sí 0.143 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìpele ayẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, qubit àpapọ̀ náà sì pẹ́ láyé ju qubit tó dáa jù nínú wọn lọ ní ìlọ́po 2.4.

Ẹ fi ojú ìṣirò wò ó síwájú. Tí a bá fẹ́ kí àṣìṣe kù sí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù, tí pínpín sí 2.14 bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, fífẹ̀ 27 la máa nílò, ìyẹn qubit 1457 fún qubit àpapọ̀ kan ṣoṣo. Tí ọwọ́ Ọmọ Ọ̀jẹ́ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá mú kí qubit kọ̀ọ̀kan dára sí i, nọ́mbà tí a fi ń pín yẹn á ga, qubit tí a nílò á sì wálẹ̀ gan-an. Ìdí tí mo fi gbà pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn pé iṣẹ́ irin kò ṣe é fi ṣeré.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́_Lókèèrè

Ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ìṣirò dídára yẹn gbà pé àṣìṣe qubit kan kò mọ̀ nípa ti ẹnìkejì. Ìtànṣán tó ń ti òfuurufú wá kò mọ ìyẹn. Bí ọ̀kan bá já lu pákó sílíkọ́nì, ó máa mì í látòkè délẹ̀, á tú àwọn ẹ̀léktrọ́ọ̀nù tó so pọ̀ méjì méjì nínú irin ká, ọ̀pọ̀ qubit á sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará Google rí i lórí ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2021: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń ṣẹlẹ̀. Kò sí òṣùwọ̀n tó máa bá ẹ tọpa irú ìyẹn.

Àwọn kan gbé àyíká wọn lọ sábẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì, kí òkúta lè dí ìtànṣán náà, ó sì dín kù lóòótọ́. Ọ̀nà tó wù mí jù ni èyí tí wọ́n fi ìnípọn irin ṣe: wọ́n jẹ́ kí apá méjèèjì junction yàtọ̀ síra, débi pé àwọn ẹ̀léktrọ́ọ̀nù tó tú ká yẹn kò ní agbára tó láti rékọjá. Nínú Willow, ìjàǹbá ńlá tó ń ba ọ̀pọ̀ qubit jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà wá di nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìṣirò tó máa gba ọjọ́ púpọ̀ kò lè fara mọ́ ọn, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Tísà_Àpẹ́tẹ̀

Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí. Ìbéèrè kan péré: ṣé surface code nìkan ló wà? Qubit 1457 fún ẹyọ kan, ó pọ̀.

Adétutù_Òjòó

Rárá o, Tísà. Àwọn IBM gbé òmíràn jáde ní 2024 tó ń fi qubit 288 gbé qubit àpapọ̀ 12. Ìnira rẹ̀ ni pé qubit kọ̀ọ̀kan ní láti bá mẹ́fà mìíràn so pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì jìnnà síra, nígbà tó jẹ́ pé aládùúgbò mẹ́rin ti tó surface code. Wáyà gígùn lórí pákó, ariwo tuntun nìyẹn. Àwọn kan náà wà, bíi Alice & Bob ní Faransé àti Amazon pẹ̀lú Ocelot wọn ní 2025, tí wọ́n ń ṣe qubit tó jẹ́ pé irú àṣìṣe kan ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀ látilẹ̀, kó lè jẹ́ pé irú kejì nìkan ni wọ́n máa tún ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín. Mo ti ṣe àwọn àyẹ̀wò tí Àǹtí Adétutù kà sílẹ̀. Kíkà qubit ló jẹ́ apá tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe qubit mẹ́ta náà. Nígbà tí mo yan qubit mìíràn, tí mo sì fi iye àṣìṣe kíkà tún èsì ṣe, 010 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dín kù púpọ̀. Ti qubit mẹ́jọ ló ṣì le. Yíyí qubit padà nígbà tó ń dúró ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó.

Ohun tí mo wá fẹ́ mọ̀ ni bóyá mo lè rí ààlà tí Ìyá Físíìsì sọ yẹn fúnra mi. Mi ò ní ẹ̀rọ, iná ò sì dúró lọ́dọ̀ wa.

Adétutù_Òjòó

O lè rí i, láptọ́ọ̀pù rẹ sì tó. Ètò ọ̀fẹ́ méjì wà. Stim, tí Craig Gidney kọ, máa ń ṣe àwòkọ irú àwọn àyíká ìtún-àṣìṣe-ṣe yìí kíákíá, torí ó mú irú gate tí kọ̀ǹpútà lásán lè tẹ̀ lé nìkan. PyMatching, tí Oscar Higgott kọ, ló ń wo ìdáhùn àwọn qubit ayẹ̀wò kó lè sọ ibi tí àṣìṣe wà. Gbé méjèèjì sórí Python nígbà tí dátà bá wà, lẹ́yìn ìyẹn o ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ní kí Stim ṣe surface code onífífẹ̀ 3, 5 àti 7. Bẹ̀rẹ̀ láti àṣìṣe kékeré, bí ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún, gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé ìdá 2. Ya ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú àwòrán kan. Ibi tí wọ́n bá ti gé ara wọn kọjá ni ààlà náà. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, 7 ló máa dára jù. Lókè rẹ̀, 7 ló máa burú jù. O ó fi ojú ara rẹ rí i.

Tí o bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, má fi àṣìṣe kan náà fún gbogbo qubit. Mú iye gidi tí ilé-iṣẹ́ yẹn kọ fún qubit kọ̀ọ̀kan sójú òpó wọn, èyí tó dáa àti èyí tó burú, kí o fi wọ́n sínú Stim. Kí o wá wò ó bóyá qubit burúkú kan láàárín lè ba gbogbo ilé jẹ́, àbí PyMatching, tó jẹ́ atúmọ̀ rẹ, lè yí i ká tí o bá jẹ́ kó mọ̀ pé ibẹ̀ ò dáa.

Ìyá_Físíìsì

Ìbéèrè gidi lèyí, mo fara mọ́ ọn. Fi ọ̀rọ̀ àkókò náà kún un. Nínú Willow, ìpele ayẹ̀wò kan ń gba microsecond 1.1. Tí ètò atúmọ̀ bá lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ á máa ṣẹ́ jọ dè é títí tí kò fi ní lè bá a mọ́. Wọn bí PyMatching ṣe ń pẹ́ tó lórí láptọ́ọ̀pù rẹ bí fífẹ̀ bá ṣe ń pọ̀, kọ ọ́ sínú tábìlì. Àwọn aṣàyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ á béèrè.

Bàbá_Rédíò_Mọ́kọlá

Ẹ má bínú, ìkẹta tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń sọ sígínà di ńlá. Ọmọ yìí ní kíkà qubit ló ń dà á láàmú jù, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́_Lókèèrè

Ẹ káre, Bàbá. Sígínà tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ qubit kéré gan-an, fótọ́ọ̀nù díẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìsọ-di-ńlá tó wà ní kelvin 4 nínú fíríìjì máa ń fi ariwo tirẹ̀ kún un, ariwo náà sì lè ju sígínà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òmíràn ṣíwájú rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ qubit, èyí tí wọ́n fi Josephson junction fúnra rẹ̀ ṣe. Ariwo tí ìyẹn ń fi kún un sún mọ́ èyí tó kéré jù lọ tí òfin físíìsì gbà láyè. Èyí tó bá kọ́kọ́ gba sígínà ló ń pinnu ariwo gbogbo ìlà, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n nínú rédíò gan-an. Pẹ̀lú ẹ, kíkà qubit lè yára, qubit kò sì ní ráyè ṣubú láti 1 sí 0 kí wọ́n tó kà á tán.

Bàbá_Rédíò_Mọ́kọlá

Ó yé mi yékéyéké. Akẹ́kọ̀ọ́, mo ní bátìrì àti páńẹ́lì oòrùn nílé mi ní Mọ́kọlá níbí. Ọjọ́ tí iná bá fẹ́ da iṣẹ́ Stim yẹn rú, gbé láptọ́ọ̀pù rẹ wá, kó máa sáré títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbowó

Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ti gbé Stim àti PyMatching sórí ẹ̀rọ. Ìlà 3 àti 5 ti jáde, ti 7 ló ń sáré lọ́wọ́. Tó bá parí, màá gbé àwòrán rẹ̀ àti tábìlì àkókò síbí, kí Ìyá Físíìsì àti Àǹtí Adétutù bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.